Awakọ̀ Kan Ti Tó Nílé Iole

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìfẹ́ kì í sọ ọlọ́gbọ́n ọmọ di ọ̀dẹ̀, ẹ ní kó wá bi mí léèrè nípa Ivano Bergonzini. Ọmọ oníbúrẹ́dì ni. Zelinda ìyá rẹ̀ ló ni ilé búrẹ́dì ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Spilamberto, láti ìgbà tí ẹsẹ̀ Ivano sì ti gùn tó bíréèkì ló ti ń wa mọ́tò ìyá rẹ̀ pín búrẹ́dì káàkiri àwọn abúlé. Àwọn oníbàárà á máa pariwo pé, "Zelinda, eré ọmọ rẹ ò ní fi adìẹ kankan sílẹ̀ fún wa o!" Zelinda á ní, "Ẹ má bínú. Ṣé búrẹ́dì yín ò gbóná nígbà tó dé ni?" Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò gbóná.

Bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn rẹ̀ ṣe dé etí Ọ̀gá Prampolini, tó ń ṣe ọkọ̀ eré-ìje ní Modena. Ọ̀gá náà ránṣẹ́ pè é, ó gbé ọkọ̀ pupa kan lé e lọ́wọ́, ó wò ó bó ṣe ń wà á yí pápá ká, ó sì ní kó máa bọ̀ níṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Báyìí ni Ivano di awakọ̀ kejì nínú ẹgbẹ́ Prampolini.

Awakọ̀ kìíní ni Oreste Malagoli. Áà, Oreste! Ó ti lé lógójì ọdún, kò gbéyàwó, ife tó ti gbà kún yàrá, bó bá sì ń kọjá lójú títì, àwọn ọlọ́pàá ló máa ń kọ́kọ́ kí i. Láti ọjọ́ kìíní ló ti rí i pé ẹsẹ̀ ọmọ tuntun yìí yá ju bó ṣe yẹ lọ, inú rẹ̀ ò sì dùn sí i rárá. Kò pè é ní Ivano rí. "Búrẹ́dì, gbé ìbọ̀wọ́ mi wá." "Búrẹ́dì, ta ló ní kó o fọwọ́ kan táyà yẹn?" Ivano á ní, "Ẹ má bínú, sà," á sì gbé ìyókù mì. Ohun kan ṣoṣo ló ń wù ú láyé: kó gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀kan péré, kí Oreste sì wà lẹ́yìn kó máa jẹ eruku rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà. Gbogbo ẹgbẹ́ eré-ìje ló ń tẹ̀ lé e láyé ìgbà yẹn. Bí ọkọ̀ awakọ̀ àgbà bá kú lójú eré, wọn á gbé pátákó sókè sí awakọ̀ kékeré, á dúró, á bọ́ sílẹ̀, á sì gbé ọkọ̀ tirẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ kó máa wà á lọ. Kò sí àwíjàre níbẹ̀. Kódà kó jẹ́ ìwọ lo ṣíwájú gbogbo wọn, wàá bọ́ sílẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ivano wà lábẹ́ ọkọ̀ nínú gáráàjì, ó ń wá ibi tí ọ́ìlì ti ń jò, ni bàtà obìnrin bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹni abẹ́ ọkọ̀, Bọ̀ọ̀dá Oreste ńkọ́?"

"Wọ́n lọ gé irun."

"Irun wo? Ìwọ̀nba díẹ̀ tó kù yẹn?"

Ẹ̀rín pa Ivano, ó gbàgbé ibi tó wà, ó gbé orí sókè, gbàà! ó fi gbá irin. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó. Irun rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ ń tàn, ó sì ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa jáde.

"Pẹ̀lẹ́ o. Ṣé orí yẹn náà lo fi ń wakọ̀?"

"Ọwọ́ ni mo fi ń wà á."

"Ó ṣàǹfààní o. Ìwọ ni Búrẹ́dì, àbí?"

"Ivano lorúkọ mi."

"Nílé tiwa, Búrẹ́dì ni ẹ́. Àràárọ̀ ni Bọ̀ọ̀dá mi ń bú ẹ tí wọ́n bá ti ń mu kọfí."

"Kí ni wọ́n máa ń sọ?"

"Pé o ò mọ nǹkan kan. Pé eré rẹ ti pọ̀ jù. Mo wá bi wọ́n pé báwo lẹni tí ò mọ nǹkan kan ṣe ń sáré jù, ni wọ́n bá gbé kọfí wọn, wọ́n bá tiwọn lọ sí àgbàlá."

Nives ni orúkọ rẹ̀. Iole, ẹ̀gbọ́n Oreste obìnrin, ló bí i. Iole yìí náà ló tọ́ Oreste dàgbà lẹ́yìn tí àwọn òbí wọn kú, ilé Iole ni Oreste sì ti ń jẹun títí di ọjọ́ náà. Nives gbé ìkòkò kan tí wọ́n fi aṣọ dì kalẹ̀ sórí tábìlì mẹ́káníìkì.

"Tọtẹlíni inú omi adìẹ ni, èmi ni mo dì í. Kí wọ́n tó gé irun tán á ti tutù. Jẹ ẹ́ kó má bàa ṣòfò."

Ẹ gbọ́ ná, kí lẹ fẹ́ kí ọmọ ènìyàn ṣe? Ó jẹ ẹ́. Ó jẹ gbogbo ìyẹ̀fun kéékèèké tí wọ́n fi di ẹran náà tán, ó gbé ìkòkò sókè, ó mu omi rẹ̀ gbẹ. Nives ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ nígbà tí Oreste dé, tí òórùn pọ́máàdì gba gbogbo gáráàjì.

"Ta ló jẹ oúnjẹ mi?"

"Wọ́n ní kó má bàa tutù, sà."

"Ta ni wọ́n?"

Ojú Ivano pọ́n dé etí, Oreste kì í sì í ṣe ọmọdé. "Búrẹ́dì," ó ní, "ipò mi lò ń wò, oúnjẹ mi lo jẹ. Má jẹ́ kí ojú ẹ tún lọ síbòmíì nílé mi o."

Ojú Ivano ti lọ kó tó sọ ọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Nives tún wá pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, torí òun ló ń rán aṣọ àwọn awakọ̀ Prampolini.

"Na ọwọ́. Dúró jẹ́ẹ́."

"Mo dúró."

"O ò dúró, ò ń gbọ̀n."

"Òtútù ló mú mi."

"Nínú ooru oṣù kẹfà?"

Ó wọn èjìká kan náà títí àwọn mẹ́káníìkì fi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Kí ó tó ká téèpù rẹ̀, wọ́n ti jọ fi àdéhùn sí ọjọ́ Àìkú tí kò bá sí eré. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ lọ sí bèbè odò Panaro. Wọ́n á jókòó sórí koríko, wọ́n á jẹ èso ṣẹ́rì, wọ́n á máa tu kóró rẹ̀ sínú omi. Ivano tí kì í sọ̀rọ̀ nínú gáráàjì á wá máa rojọ́ bí ẹni wọ́n san owó fún. Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rù ń bà á. Ó ń rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé, ṣé irú ọmọ yìí lè fẹ́ irú mi?

"Kí lo máa ṣe lọ́jọ́ tó o bá gba ipò kìíní?" Nives bi í.

"Màá wá sílé yín."

"Bó o bá ṣìkejì ńkọ́?"

"Màá wá sílé yín."

"Kí lò ń dúró dè nígbà náà?"

Ohun tó ń dúró dè ni ìgboyà. Nives náà sì mọ ohun tó le níbẹ̀. "Lọ́dọ̀ Mama mi ni iṣẹ́ wà," ó ní. "Bí Bọ̀ọ̀dá mi bá ti ń sáré, Mama á jókòó ti rédíò pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà, wọn ò ní jẹ, wọn ò ní mu. Wọ́n fẹ́ràn àbúrò wọn yẹn ju ojú wọn lọ." Ivano gbọ́ apá ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Apá ìbẹ̀rẹ̀ ni kò wọ̀ ọ́ létí, ẹ ó sì rí ohun tó ti ìdí rẹ̀ yọ.

Nínú oṣù keje, Zelinda wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó yan kéèkì, ó sì lọ tọrọ Nives lọ́wọ́ Iole fún Ivano. Ní ìlú wa, bí wọ́n bá bí ọmọbìnrin, bàbá rẹ̀ á to àgbá kéékèèké sí àjà ilé lórúkọ rẹ̀, wọ́n á da omi èso àjàrà sí i, á máa kan, á máa ki, á máa dúdú, títí ọmọ náà á fi tó lọ sílé ọkọ. Ẹrù ìyàwó nìyẹn. Bí ìyá ọmọkùnrin bá wá tọrọ, tí wọ́n bá gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n á kán díẹ̀ sínú ṣíbí fún un lá. Bí wọn ò bá gbà, kò sẹ́ni tó máa sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ sí i lójú. Wọ́n á kàn gbé ewébẹ̀ tútù fún un jẹ, ọtí kíkan ọjà ni wọ́n á sì fi sí i.

Ivano dúró níwájú ilé búrẹ́dì títí ìyá rẹ̀ fi dé.

"Màmá, báwo ni?"

"Wọ́n ṣe mí lálejò dáadáa."

"Kí ni wọ́n fún yín?"

Zelinda bọ́ bàtà rẹ̀ tó ń fún un lẹ́sẹ̀. "Ewébẹ̀ ni wọ́n fún mi, ọmọ mi. Ọtí ọjà ni wọ́n fi sí i. Ó kan débi pé omi bọ́ lójú mi, wọ́n sì rò pé ẹkún ni."

Ivano jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun láìmọ̀.

"Wọn ò kórìíra ẹ o," ìyá rẹ̀ ní. "Iole fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó ní, 'Ìyá Ivano, ká ní búrẹ́dì lọmọ yín ń pín títí di òní, ǹ bá ti gun àjà lọ kẹ́ ẹ tó jókòó. Ṣùgbọ́n awakọ̀ kan ti tó nílé mi. Ọkàn mi ò lè gbé méjì.' Mo mọ ohun tó ń sọ. Èmi náà ní rédíò nílé."

Ọjọ́ yẹn, Ivano bá Nives létí odò, ó ní òun á fi eré-ìje sílẹ̀. Nives wò ó tìyanu-tìyanu.

"Kó o padà sídìí búrẹ́dì?"

"Kí ló burú níbẹ̀? Kí n ṣáà ti rí ẹ fẹ́."

"Ó burú! Bó o bá fi ọkọ̀ sílẹ̀ torí mi, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wàá máa gbọ́ eré nínú rédíò, tí wàá sì máa wò mí bí ẹni tó jí nǹkan ẹ gbé. Mi ò fẹ́ irú ọkọ bẹ́ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Oreste ni kó o lọ bá. Mama kì í kọ ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Bí wọ́n bá bá ẹ sọ̀rọ̀ fún Mama, ó máa yanjú."

Ẹ wo ìyọnu o: ẹni tó ń bá du ipò lójú pápá ni yóò ṣe alárinà fún un nílé. Àmọ́ kí lèèyàn kì í ṣe nítorí ìfẹ́? Ivano ṣọ́ Oreste títí gbogbo mẹ́káníìkì fi lọ jẹun.

"Sà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan."

"Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Èmi ni kí n bá ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n mi? Ìwọ tó o jẹ tọtẹlíni mi?"

"Ẹ dárí jì mí, sà."

Oreste wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Mi ò mọ irú ẹni tó o jẹ́, Búrẹ́dì. Eré ló máa ń fi èèyàn hàn mí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ẹ ná."

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n lọ sáré ní Pescara nígbà náà. Lọ́jọ́ eré náà, ooru oṣù kẹjọ ń jó ọ̀dà ojú títì. Wọ́n ṣí eré, Ivano sì bọ́ síwájú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó bọ́ síwájú! Ó wo dígí, ó rí Oreste lẹ́yìn rẹ̀, ó tún wò, kò rí i mọ́. Nígbà tó yípo padà, ọkọ̀ Oreste ti dúró lẹ́bàá ọ̀nà nítòsí ìsọ̀ ẹgbẹ́, níbi tí àwọn mẹ́káníìkì ń dúró sí, èéfín ń jáde lórí rẹ̀, wọ́n sì ti gbé pátákó sókè: orúkọ Ivano ni, àti ọfà tó ní kó yà.

Ọkàn kan ní, má yà. Ọkàn kejì ní, yà, ìwọ òmùgọ̀ yìí, alárinà ẹ rèé. Ó ti sọ pé òun fẹ́ rí ẹ. Fi hàn án pé o gbọ́ràn. Mama Nives fẹ́ràn Oreste ju ojú wọn lọ, ṣé wọn ò ní fẹ́ràn ẹni tó gbé ipò kìíní fún un?

Ó yà. Ó bọ́ sílẹ̀. Oreste wọ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ, "Táyà ńkọ́?"

"Ó dáa, sà."

Ni Oreste bá fò lọ, òun ló sì gba ipò kìíní. Wọ́n gbé e lé èjìká, wọ́n ń da ọtí lé e lórí. Ivano jókòó sórí ògiri, ó ń mu omi, ó ń sunkún lábẹ́ dígí ojú rẹ̀, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò burú, Nives ni òun fi ipò náà gbà.

Lọ́jọ́ kejì tó padà délé, ó ra òdòdó, ó wọ táì, ó kan ilẹ̀kùn Iole. Learco, ọkọ Iole, wà nídìí ìwé ìròyìn rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Iole fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ káàsán, Mama."

"Ìwọ ni? Ó dáa tó o wá. Dúró síbẹ̀ yẹn, má tíì wọlé. Mo gbọ́ nínú rédíò pé ọkọ̀ Oreste kú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màríà Mímọ́. Mo ní, ó ti bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń bẹ, ó ti jókòó sórí ògiri. Mo dìde, mo lọ gbé omi kaná, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí. Mi ò tíì da iyọ̀ sí i tí wọ́n fi ní awakọ̀ ọ̀dọ́ kan ti dúró, ó ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ fún un. Ta ni awakọ̀ ọ̀dọ́ yẹn?"

"Èmi ni, Mama."

"Ìwọ lo gbé àbúrò mi padà sínú iná! Ọlọ́run ti yọ ọ́, ìwọ lo tún tì í wọlé!"

"Òfin ẹgbẹ́ ni, Mama."

"Òfin ẹgbẹ́? Ṣé òfin ẹgbẹ́ ló fẹ́ fẹ́ ọmọ mi ni?"

"Òdòdó yẹn dáa o," Learco sọ láti ẹ̀yìn ìwé ìròyìn.

"Learco, dákẹ́ jàre!"

Nives ló sìn ín dé géètì, àmọ́ tirẹ̀ tún burú ju ti ìyá rẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ wú.

"Torí ta lo ṣe dúró?"

"Torí ẹ ni."

"Torí mi? Ṣé mo bẹ̀ ẹ́ ni? Mo wà nídìí rédíò yẹn, mò ń pariwo orúkọ ẹ, Mama ń já mi léèékánná, mi ò gbọ́. O wà níwájú gbogbo ayé! Ni wọ́n bá ní o bọ́ sílẹ̀. Ivano, ojú tì mí. Kì í ṣe torí pé o pàdánù o. Ẹni tó o bá fẹ́ tẹ́ lọ́rùn lo máa ń gbé nǹkan ẹ fún. Lọ́la, bí ẹnì kan tó jù ẹ́ lọ bá ní kó o gbé èmi náà sílẹ̀ ńkọ́?"

Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ivano gbé òdòdó rẹ̀ padà fún ìyá rẹ̀. Zelinda fi í sínú ife omi, ó sì bu oúnjẹ fún un, ọgbọ́n ìyá nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ò dùn láti rántí. Ivano ò lọ sí odò mọ́. Ó ń bi ara rẹ̀ pé ta ni mí gan-an? Ìránṣẹ́ Oreste? Ọmọ dáadáa tí gbogbo èèyàn ń fi ọwọ́ pa lórí? Kò mọ̀ bóyá òun ti pàdánù Nives. Ohun kan ni ó mọ̀: kò ní tún bọ́ sílẹ̀ mọ́, ìbáà jẹ́ pé Prampolini máa lé òun.

Oṣù kẹsàn-án dé, wọ́n lọ sí Monza. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré ni òun àti Oreste ti ń fẹnu ọkọ̀ kan ìdí ara wọn. Oreste ṣíwájú, Ivano ṣíwájú, Oreste tún gbà á. Kò sí ẹlòmíì tó lè sún mọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni jíà Oreste já. Ó rọra ti ọkọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀, ó bọ́ sílẹ̀, àmọ́ kò bọ́ àṣíborí rẹ̀. Ó dúró, ó ń retí.

Wọ́n gbé pátákó sókè. Ivano rí i. Ó rí Oreste tó ti na ọwọ́ láti di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Ó rí Ọ̀gá Prampolini tó ń fi fìlà júwe ibi tó máa yà sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo lórí bíréèkì. Ó gbé e kúrò, ó tẹ iná mọ́ ọkọ̀, ó sì kọjá. Ó yípo, wọ́n tún gbé pátákó, ó tún kọjá. Nígbà kẹta, Prampolini ju fìlà rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ivano ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, inú rẹ̀ sì ń dùn, kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Òun ló gba ipò kìíní. Kó tó pa ẹ́ńjìnnì, Prampolini ti dé etí rẹ̀. "Má wá síṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé! Má wá mọ́ láé!" Ivano fi ojú wá Oreste, kò rí i. Wọ́n ní ó ti lọ sílé láìkí ẹnikẹ́ni. Ó tán, ni Ivano wí. Iṣẹ́ ti lọ, alárinà ti lọ. Síbẹ̀, nígbà tó gbé ife náà dání, kò kábàámọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọmọ àdúgbò kan jíṣẹ́ pé Oreste ní kí Ivano àti ìyá rẹ̀ wá jẹun ọ̀sán nílé Iole. Ẹsẹ̀ Ivano ò fẹ́ gbé e. "Wọ́n fẹ́ bú mi lójú gbogbo èèyàn ni," ó ní. Zelinda ní, "Ẹni tó bá fẹ́ bú ọ á kọ́kọ́ bú ọ ná kó tó bọ́ ọ. Wọ bàtà ẹ."

Gbogbo wọn jókòó sídìí tábìlì. Nives ń bu ọbẹ̀, kò wo ojú rẹ̀, àmọ́ ó bu tirẹ̀ kún ju ti gbogbo wọn lọ. Oreste jẹun tán, ó nu ẹnu, ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Pescara, mo wọ ọkọ̀ ọmọ yìí. Ìjókòó rẹ̀ ṣì gbóná. Mo sá gbogbo eré tó wà lára mi. Nígbà tá a délé, mo bi àwọn mẹ́káníìkì léèrè, wọn ò fẹ́ sọ, mo fipá mú wọn. Ọkọ̀ kan náà, ọ̀nà kan náà, ọmọ yìí yá jù mí lọ ní gbogbo ìyípo. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ó dùn mí débi pé mi ò lè sùn."

Ó bu omi mu, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ní Monza, nígbà tó kọ́kọ́ kọjá mi, mo bú u. Nígbà tó kọjá lẹ́ẹ̀kejì, mo lọ jókòó sórí ògiri. Nígbà tó tún yípo dé, ẹnì kan ti gbé kọfí wá fún mi, mo sì ń mu ún. Ẹ̀gbọ́n, láti ọdún tí mo ti ń sáré, mi ò mu kọfí rí nígbà tí àwọn ẹlòmíì ń sáré. Ó dùn! Mo bèèrè ìkejì. Ni mo bá ní, Oreste, ó ti tó. Mo ti bá Prampolini sọ̀rọ̀. Àyè mi ti di ti Ivano. Èmi á máa kọ́ àwọn ọmọdé."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó pè é ní Ivano. Iole dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu Oreste láyà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń sunkún. "Kí ló dé tó o ò ti jókòó mu kọfí látọjọ́ yìí! Ọdún mélòó ni mo fi gbààwẹ̀ nídìí rédíò! Oníranù!" Oreste kàn dì í mú, òun náà ń fi ojú pamọ́ sí èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Learco ká ìwé ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀. "Iole," ó ní, "awakọ̀ kan lo sọ pé ó tó nílé yìí."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Kò wá sí kankan mọ́ báyìí."

Iole nu ojú. Ó wo Learco bí ẹni fẹ́ jẹ ẹ́ mọ́ búrẹ́dì, ó wo Oreste, ó wá wo Ivano pẹ́. "Ẹ̀rù ń bà mí," ó ní. "Mi ò fẹ́ purọ́ fún ẹ, ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Àmọ́ ìwọ lo jẹ́ kí àbúrò mi jókòó, nígbà tí gbogbo ayé ní kó o gbé e dìde. Gbọ́ mi: bó o bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kó o tó gba ife, kó o tó bá ẹnikẹ́ni bọwọ́, tẹlifóònù ni kó o kọ́kọ́ lọ dì mú, kó o pè mí."

"Màá pè yín, Mama."

"Kó o tó mu omi!"

"Kí n tó mu omi, Mama."

Learco ti ń gun àkàsọ̀ àjà lọ láti bu ti inú àgbá Nives wá. Zelinda ń sunkún, Oreste ń na ọwọ́ sí Ivano, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: oṣù wo, ṣọ́ọ̀ṣì wo, ta ló máa yan kéèkì. Ni ìró ṣíbí ìbọbẹ̀ bá dún lórí tábìlì, gbàù!

"Ẹ ti parí?" Nives ló dúró, ọwọ́ ní ìbàdí. "Wọ́n ti bi Mama. Wọ́n ti bi Bọ̀ọ̀dá Oreste. Bóyá wọ́n ti bi Prampolini náà. Ta ló ti bi mí?"

Ivano dìde. Ó yí tábìlì ká, ó lọ dúró níwájú ọmọbìnrin náà tí ọbẹ̀ ta sí láṣọ.

"Nives, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Nives jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀, kó laágùn díẹ̀.

"Lọ́jọ́ Monza," ó ní, "nígbà tí rédíò sọ pé wọ́n tún gbé pátákó sí ẹ lẹ́ẹ̀kejì, tó o tún kọjá, mo dìde nídìí rédíò, mo wọ yàrá, mo sì di ẹrù mi láti bá ẹ lọ. Ó wà lábẹ́ ibùsùn títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin lẹ̀ ń dúró de Mama. Èmi, ìwọ ni mò ń dúró dè, kó o wá bi mí."

"Ẹrù wo?" Iole pariwo. "Nives! Ẹrù wo nìyẹn?"

Ṣùgbọ́n Nives ti di ọwọ́ Ivano mú, wọ́n sì ti ń lọ gbé kẹ̀kẹ́ wọn, kí wọ́n lè lọ sétí odò.